Ọgbà Ti Ta Là Ń Tún Ṣe?

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lónìí tí ìbéèrè ìyá àgbà kan ò ti kúrò lọ́kàn mi. Mo máa ń jí lóru lọ tọ̀ nítorí oògùn tí mò ń lò, bí mo bá sì padà sórí ibùsùn, ìbéèrè yẹn ni yóò jókòó tì mí títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ìyá náà ò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn dúró lẹ́nu géètì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó wo ilẹ̀ tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, ó ní: "Tíṣà, ọgbà ti ta lẹ ń tún ṣe?"

Ó yẹ kí n ní èsì. Èmi ni mo ya àwòrán ilẹ̀ náà. Èmi náà ni mo fi bírò pupa kọ ọ́ sí i pé: "Ojú ọ̀nà àtijọ́ gba ibí. Kí a tú ewúro kúrò." Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an làwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ṣe ohun tí mo kọ. Nígbà tí ìyá fi máa dé, ìdí ewúro mẹ́rìndínlógún ti wà lórí ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bárò, gbòǹgbò wọn kọjú sókè, yẹ̀pẹ̀ tútù ṣì ń já bọ́ lára wọn. Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Kì í ṣe pé mi ò lè mí dáadáa lọ́jọ́ náà, ara mi le díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni ò sí.

## Tẹ́lẹ̀ wo?

Mi ò ní pẹ́ lórí àìsàn mi, torí ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a ti fẹ̀yìn tì la jọ ń gbé irú oògùn kan náà kiri nínú báàgì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó ti lé ní ogún ọdún. Mò ń lo oògùn nígbà tí mo bá rántí, mò ń pa á tì nígbà tí orí ò bá fọ́ mi. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí màá fi pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rin, ọkàn mi ti fẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, kò sì lágbára àtifa ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ẹsẹ̀ mi ń wú débi pé bí mo bá fi ìka tẹ ojúgun, ihò rẹ̀ á dúró síbẹ̀. Ìrọ̀rí mẹ́ta ni mo fi ń sùn, torí bí mo bá sùn gbalaja, ṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n rì mí sínú omi.

Ọ̀dọ́ ni dókítà tó ń tọ́jú mi, ó kéré sí àbíkẹ́yìn mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lókun díẹ̀, mo bi í pé: "Dókítà, nígbà wo ni màá padà sí bí mo ṣe wà tẹ́lẹ̀?" Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní: "Mọ̀mí, tẹ́lẹ̀ wo? Bẹ́ ẹ ṣe wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, àbí bẹ́ ẹ ṣe wà lọ́dún tó kọjá? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá bẹ́ ẹ ó ṣe rìn dé ìgboro láìjókòó." Inú bí mi. Mo rò pé ọmọ náà ń sọ fún mi pé kò sí ìrètí. Ó ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n máa rìn díẹ̀ lójoojúmọ́, kí n sì máa gun òṣùwọ̀n láràárọ̀ kí n tó jẹun. Bí mo bá fi ohun tó ju kílò méjì wúwo sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí n pè é kíá, torí omi ló ń gbára jọ, kì í ṣe ẹran.

Rírìn yẹn ló gbé mi dé ilé míṣọ́nnì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá dàgbà nílùú Oǹdó mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Láti 1877 tí Charles Phillips, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù, ti wá ń gbé láàárín wa, ibi tí ìjọ bá ti kọ́lé ni wọ́n ti máa ń gbin igi. Ilé tí mò ń sọ yìí wà lójú ọ̀nà tí mò ń gbà rìn. Páànù rẹ̀ ti pọ́n, àtẹ̀gùn rẹ̀ kan ti já, ṣùgbọ́n máńgòrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tá a ti ń ṣe Sọ́ńdè Sùkúù lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún meje, ṣì wà níbẹ̀. Ní Sátidé kan mo rí i tí géètì ṣí, tí àwọn ọ̀dọ́ bíi mẹ́wàá ń ṣán igbó. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dá ọgbà náà padà sí bó ṣe wà. Mo ní kí wọ́n fi orúkọ mi kún un.

## Àga lábẹ́ máńgòrò

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa oṣù àkọ́kọ́: ó dùn mí. Mo fi ogójì ọdún ó dín díẹ̀ kọ́ ọmọ ní báólójì, oko ilé-ìwé sì wà lábẹ́ mi fún ọ̀pọ̀ nínú ọdún wọ̀nyẹn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú. Àmọ́ bí mo bá fi àdá lu ìdí koríko lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, èémí mi á gé, ojú mi á ṣú. "Mọ̀mí, ẹ jókòó." Wọ́n gbé àga oníke kan sábẹ́ máńgòrò fún mi. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bó o bá ti ṣàìsàn rí, o máa mọ̀ pé àga tí wọ́n gbé fún ẹ lè wúwo lọ́kàn ẹ ju iṣẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ lọ.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í kọ sílẹ̀ nípa irú iṣẹ́ yìí. Oògùn tó ń fa omi jáde lára mi máa ń lé mi lọ ilé ìtọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín wákàtí méjì, ilé míṣọ́nnì náà ò sì ní ilé ìtọ̀ tó ṣeé lò. Sátidé méjì ni mi ò fi lọ, torí ìtìjú lásán. Ìgbà tí mo sọ fún dókítà ló gbà mí láyè láti máa lo oògùn Sátidé lẹ́yìn tí mo bá ti délé. Ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn ọmọbìnrin náà ni mo sọ fún. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti tún ṣáláńgá ẹ̀yìn ilé ṣe, wọ́n sì so aṣọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo sunkún nígbà tí mo rí i.

Orí àga yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán. Wọ́n máa ń sọ pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àwọn ọmọ náà ní apá, ṣùgbọ́n wọn ò mọ èwo ni kúrótónì tó ti di igi àti èwo ni igbó lásán. Mo ní kí wọ́n máa kan èèkàn mọ́lẹ̀ ní mítà méjì méjì, kí wọ́n so okùn mọ́ ọn, kí wọ́n máa pe ohun tí wọ́n bá rí nínú igun kọ̀ọ̀kan fún mi, kí n sì máa kọ ọ́ sórí páálí. Bí wọ́n bá rí ewé tí wọn ò mọ̀, wọ́n á já a wá bá mi. Ewé Akíntọ́lá ló pọ̀ jù. Àwọn àgbà wa fún un lórúkọ olóṣèlú torí àsìkò òṣèlú wọn ló gbilẹ̀ wọ gbogbo oko wa. Igbó náà gan-an ní ọjọ́ orí, bí èèyàn bá mọ̀ ọ́n kà.

## Èèkàn tí kò wọlẹ̀

Ní ìpẹ̀kun oṣù kejì, èèkàn kan kọ̀. Ọmọ tó ń kàn án lù ú, ó tún lù ú, igi náà fọ́ lórí. Ó sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún kọ̀. Àwa ọmọ Oǹdó mọ ìtàn yìí. Ifá ló ní kí Púpùpú, obìnrin tó kọ́kọ́ jọba wa, àti àwọn tó tẹ̀lé e máa rìn títí dé ibi tí igi tí wọ́n fi ń gbin iṣu bá ti kọ̀ tí kò wọlẹ̀, kí wọ́n sì dó síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nígbà tí igi náà kọ̀ ni wọ́n ní orúkọ ìlú wa ti jáde. Nítorí náà, nígbà tí èèkàn kọ̀, mo dìde lórí àga mi, mo lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fi ọ̀bẹ ìdáná bẹ̀rẹ̀ sí í ha yẹ̀pẹ̀.

Ìdí ìgò ni. Ó dúdú bí ẹni pé ó jẹ́ òkúta, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi itọ́ àti etí ìró mi nù ún, ó di àwọ̀ ewé, oòrùn sì wọ inú rẹ̀. Ìgò onígun mẹ́rin, irú èyí tí jíìnì ayé àtijọ́ máa ń wà nínú rẹ̀, tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò rì mọ́lẹ̀. Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òmíràn tún wà. Létí ojú ọ̀nà ni wọ́n tò wọ́n sí, kí òjò má baà máa gbá yẹ̀pẹ̀ lọ. A tẹ̀ lé wọn láti géètì, wọ́n yí gba ẹ̀gbẹ́ ilé, wọ́n ń lọ sídìí kànga. Láti ọdún tí mo ti fẹ̀yìn tì, mi ò mọ̀ pé ara mi ṣì lè yá gágá bẹ́ẹ̀. Mo wo fọ́tò kan ṣoṣo tí ìjọ ní nípa ọgbà náà: lóòótọ́, ojú ọ̀nà funfun kan wà níbẹ̀, ó yí bí odò.

Ohun kan ṣoṣo ló dí i. Láàárín ilé àti kànga, ewúro hù lé e lórí, ìlà méjì gbọọrọ. Mo mú bírò pupa.

## Ìyá Gádínà

Orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pe ìyá tó dúró lẹ́nu géètì nìyẹn, torí ọkọ rẹ̀ ni gádínà ibẹ̀. Lẹ́yìn tí mi ò rí èsì fọ̀, mo ní kí wọ́n gbé àga mi wá fún un. Ó jókòó. Èmi náà jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ń wo òkìtì ewúro yẹn.

Ó ní ọdún tí wọ́n pààrọ̀ owó ni owó oṣù ọkọ òun dáwọ́ dúró. Mo bi í pé: "Màmá, èyí tí pọ́n-ùn di náírà ni, àbí ti Búhárí?" Ó ní: "Ti Búhárí." Ìyẹn á jẹ́ 1984. Wọn ò lé ọkọ rẹ̀, àwọn tó ń bójú tó ilé náà nígbà yẹn kàn dẹ́kun àtisan owó ni. Bàbá ní òun ò ní lọ, pé bí òun bá lọ, wọ́n á gé máńgòrò náà ta fún àwọn oníṣẹ́ igi láàárín oṣù kan. Ọmọ márùn-ún wà nílẹ̀. Ìyá wá wo ibi tí oòrùn ti ń dé, tí ẹsẹ̀ ò gbà mọ́, ó kì ewúro bọ ilẹ̀ níbẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń já a, ó ń bó o, ó ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta nídìí kànga, ó ń ṣù ú rogodo rogodo lọ sọ́jà. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi. Àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì dúdú láti ìdí èékánná wọ inú awọ, dúdú ewé tí ọṣẹ ò lè fọ̀ mọ́. "Èyí ló rán wọn níléèwé," ló wí.

Títí tí bàbá fi kú ni ó ń gbá abẹ́ máńgòrò láràárọ̀, tó ń gé kúrótónì, tó ń lé àwọn tó wá wọn ilẹ̀ lóru. Kò gba kọ́bọ̀.

Mo ti kọ́ ọmọ pé gbòǹgbò la kì í rí, òun ló sì ń gbé igi ró. Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ ọ. Ewúro tí mo fi bírò pupa pa rẹ́ pé ó di ojú ọ̀nà àtijọ́ ni ohun tó bọ́ ọkùnrin tó pa ojú ọ̀nà náà mọ́. Láìsí ewúro, bàbá á ti lọ. Bí bàbá bá lọ, máńgòrò á ti di pákó, ilẹ̀ náà á ti di ṣọ́ọ̀bù, kò ní sí ìgò kankan tí èèkàn máa kọ lù.

Mo tún wo fọ́tò yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ilé wà nínú rẹ̀, ojú ọ̀nà wà, òdòdó wà. Kò sí èèyàn kankan níbẹ̀.

## Ohun tí mi ò kà dópin

Ọmọ mi tó wà ní Ìbàdàn ti fi ìwé kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi kí n tó ya àwòrán rárá. Mo ka ojú ewé àkọ́kọ́, mo sọ pé mo ti mọ èyí. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ìyá Gádínà ni mo tó kà á tán, ní aago mẹ́ta òru, lórí ìrọ̀rí mẹ́ta. Àdéhùn Florence ni wọ́n ń pè é. ICOMOS, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ibi àjogúnbá, ló fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá ọdún 1982, ọ̀rọ̀ ọgbà àtijọ́ nìkan ló sì dá lé. Ó ní ohun ìrántí tó lẹ́mìí ni ọgbà: igi ń kú, à ń gbin òmíràn, ìtọ́jú rẹ̀ ò sì lópin. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe láìṣe ìwádìí jinlẹ̀ ná. Ibi tí ó ti gún mi ni ibi tó ti sọ pé gbogbo ìgbà tí ọgbà náà ti là kọjá ló yẹ ká bọ̀wọ̀ fún, pé kò yẹ ká mú ìgbà kan ṣoṣo ká gbé e lé àwọn yòókù lórí, àyàfi bí ìdí pàtàkì bá wà. Ìgbà fọ́tò nìkan ni èmi mú. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n: ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ti jẹun nínú ọgbà náà sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó mú ọkọ́.

Mo tún ro ó gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ báólójì, ojú sì tì mí. Ẹ wo ohun tí mo kọ pé ká dá sí. Ilẹ̀ Íńdíà àti agbègbè rẹ̀ ni máńgòrò ti wá. Àwọn erékùṣù ìhà Éṣíà àti òkun Pàsífíìkì ni kúrótónì ti wá. Igi òdòdó funfun olóòórùn dídùn tó ń ṣoje bíi wàrà, àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Kókó tó wà lẹ́yìn kànga, tí ìjọ wà lára àwọn tó tàn án ká ilẹ̀ wa, Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Mo fẹ́ràn gbogbo wọn, wọ́n ti di tiwa. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọgbà náà, pẹ̀rẹ́gún tó wà lórí ààlà àti ewúro yẹn ni ọmọ onílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ni mo sì ní kí wọ́n tú dànù.

Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ṣiṣẹ́ nígbà kan sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni ọ̀rọ̀ ọgbà àtijọ́, pé kí ni tiwa níbẹ̀. Mi ò gbà. Ilẹ̀ ààfin Ọ̀wọ̀ lé ní 100 éékà nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ilé nìkan ló sì wà lórí ilẹ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ibo la ti ń já ewé akòko tá a fi ń joyè? Ta ló gbin ọdán sẹ́nu ààfin? Àwọn baba wa ní ọgbà, wọ́n kàn ń jẹ nínú rẹ̀, wọ́n ń ṣèwòsàn nínú rẹ̀, wọ́n ń sìn nínú rẹ̀, wọn ò ya ẹwà sọ́tọ̀ fún ojú nìkan. Ẹ wo igbó Ọ̀ṣun nílùú Òṣogbo. Nígbà tí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe, kì í ṣe ohun àtijọ́ nìkan ni wọ́n dá padà, wọ́n mọ ère tuntun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Igbó yẹn, pẹ̀lú àwọn ère tuntun rẹ̀, ni UNESCO kọ sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé ní 2005.

## Ìgbọ̀nwọ́ kan, kó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan

Ewúro kì í kú bọ̀rọ̀. Ọjọ́ náà gan-an, kí oòrùn tó wọ̀, mo ní kí àwọn ọmọ gé àwọn igi tó nípọn ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan, kí wọ́n já ewé wọn dànù kí omi má baà gbẹ lára wọn. Wọ́n fẹ́ nà wọ́n ró bí èèkàn. Ìyá Gádínà dìde. Ó gba ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ tó sún mọ́ ọn, ó tẹ̀ ba, ó dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi gìgísẹ̀ tẹ yẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn nídìí. "Bó bá dúró ṣánṣán, orí nìkan ló máa hù. Bó bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa hù." Mo ti ka èyí nínú ìwé, mo ti kọ ọ́ sójú pátákó. Mi ò rí ẹsẹ̀ àgbàlagbà tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yìn àwọn ìgò, lápá méjèèjì ojú ọ̀nà, la gbìn wọ́n sí. Ẹsẹ̀ lè gba àárín, ewúro á sì wà. Méjì nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ò fara mọ́ ọn, wọ́n ní kò sí nínú fọ́tò, pé àwọn àlejò máa rò pé oko ẹ̀fọ́ ni. A bá ara wa jiyàn gan-an. Ọ̀kan ò tíì gbà títí di òní, ó sì ń wá síbẹ̀ ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, ó ń bomi rin ewúro tí kò fẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún un.

Igi méjìdínláàádọ́ta la gbìn. Mẹ́tàlélógójì ló rúwé.

Èmi fúnra mi kọ́ ló kà wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo jẹ ọbẹ̀ oníyọ̀ níbi ìsọmọlórúkọ kan, mo tún jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Òṣùwọ̀n sọ pé mo ti fi kílò mẹ́ta wúwo sí i. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò ní ọsíbítù. Lórí ibùsùn ibẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn mi ni pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Àwòrán náà wà nínú ọ̀rá, wọ́n fi kọ́ sára máńgòrò, wọ́n ń wò ó ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀ bí ẹni pé mi ò ní sí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò bà mí nínú jẹ́ bí mo ṣe rò. Ó mú kí n lè sùn.

Láyé àwọn baba wa, àáró wà, ọ̀wẹ̀ wà. Nínú àáró, bí mo bá kọ ebè mẹ́wàá fún ẹ lónìí, ìwọ náà á kọ mẹ́wàá fún mi lọ́la. Aláìsàn ò lè dá àáró, gbèsè lásán ló máa jẹ. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Àwọn tó lókun á mú ọkọ́ wá, ẹnì kan á gbé oúnjẹ kaná, àgbà kan á sì wà tí kò ní fọwọ́ kan ilẹ̀, tó kàn máa jókòó síbẹ̀ torí òun nìkan ló mọ ibi tí ààlà gbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a fẹ̀yìn tì pẹ̀lú àìsàn ń jókòó sílé torí a rò pé àáró nìkan ló kù láyé. A rò pé bí a ò bá lè san án padà ní ebè mẹ́wàá, ká má wulẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ibi tí mo ti wúlò jù láti ìgbà tí mo ti bí, lẹ́yìn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ni orí àga oníke yẹn.

Mo padà lọ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mi ò bi í nípa bí mo ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo sọ fún un pé mo rìn láti géètì dé ìdí kànga láìdúró, ó sì bi mí pé mítà mélòó ni. Mo ní mo mọ̀ ọ́n dájú, torí èmi ni mo wọ̀n ọ́n: èèkàn mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn ti ẹnu géètì, mítà méjìdínláàádọ́ta. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì mi.

Ní Sátidé tó kọjá, mo gbé àwòrán tuntun lọ. Mo ti da ti àkọ́kọ́ nù. Lórí èyí, mo kọ ìgbà sí ẹ̀gbẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan tí mo lè bá ẹnì kan jẹ́rìí sí, mi ò sì fi bírò pupa kọ ohunkóhun. Ìyá Gádínà kì í kàwé. Ó ní kí n fi tòun hàn án. Mo ka ibẹ̀ fún un: "Ewúro Ìyá Gádínà, láti 1984." Ó ní kí n tún un kà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já ewé àkọ́kọ́ lára àwọn tó hù náà ni, ó kó o sínú agbada kékeré lẹ́sẹ̀ rẹ̀, omi rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ìka lé orúkọ náà, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó sì fi ìka tọ ojú ọ̀nà láti ibẹ̀ lọ dé ìdí kànga. Ìlà àwọ̀ ewé kan ti wà lórí páálí náà báyìí, ó fẹ̀ tó ìka ìyá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ sáré mú aṣọ wá láti nù ún. Mo gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.